Ẹni Tó Di Okùn Mú Lókè

Iṣẹ́ tí mo fi gbogbo agbára mi ṣe láyé, ìsàlẹ̀ ni a ti ń ṣe é. Kànga ni mo ń gbẹ́. Ẹ̀yin tí ẹ ń wọ ṣẹ́ẹ̀tì funfun lọ síbi iṣẹ́, bí ẹ bá ní ọ̀gá yín wà lókè, àga rẹ̀ lẹ ń sọ. Lọ́dọ̀ tiwa, òkè gan-an ló máa ń wà. Èmi á wà nínú ilẹ̀, níbi tí ojú ọ̀run ti kéré bí àwo ọbẹ̀, ọ̀gá mi á dúró létí kànga, òun ni yóò di okùn tó wà ní ìbàdí mi mú. Bó bá gbàgbé mi, mo kú nìyẹn.

Ó wá ṣẹlẹ̀ pé ọ̀gá tí mo bá ṣiṣẹ́ pẹ́ jù, mo mọ iṣẹ́ jù ú lọ. Mi ò fi yangàn o. Ẹ bi ẹnikẹ́ni tó gbé Ìkòtún tàbí Ìgándò láyé ìgbà yẹn. Àwọn ọ̀dọ́ àdúgbò mi tó ń ṣiṣẹ́ ọ́fíìsì máa ń wá jókòó tì mí nírọ̀lẹ́, wọ́n á ní, "Bàbá, ọ̀gá mi ò mọ nǹkan kan. Èmi ni mò ń bá a ṣe gbogbo ẹ̀. Mo fẹ́ fi iṣẹ́ yẹn sílẹ̀ jàre." Ẹ̀rín ni mo máa ń kọ́kọ́ rín. Ọ̀rọ̀ tí wọ́n ń sọ yẹn, mo ti gbé e sùn, mo gbé e jí, fún ọ̀pọ̀ ọdún. Nítorí tiwọn ni mo ṣe ń sọ ìtàn yìí.

Ìbẹ̀rẹ̀ àwọn ọdún 1980 ni mo kúrò ní Ògbómọ̀ṣọ́ wá sí Ìkòtún. Oko ṣì pọ̀ níbẹ̀ nígbà náà. Bí ẹ bá ń fẹsẹ̀ rìn láti Ìdímù lọ sí Ẹ̀gbẹ́dá, ẹ̀gẹ́ lẹ máa rí lápá ọ̀tún, bíríkì tuntun lápá òsì. Àwọn tíṣà, nọ́ọ̀sì àti òṣìṣẹ́ ìjọba tí ilé gbígbà láàárín ìlú ti sú ń wá ra ilẹ̀, kò sì sí omi ẹ̀rọ fún wọn. Ẹni tó bá fẹ́ po sìmẹ́ńtì gbọ́dọ̀ kọ́kọ́ gbẹ́ kànga. Ẹ̀gbọ́n ìyá mi ló mú mi lọ bá Bàbá Àlàbí, àgbà agbẹ́kànga kan tó ń gbé ẹ̀yìn ọjà. Bàbá wo àtẹ́lẹwọ́ mi, ó ní kí n máa bọ̀ láàárọ̀. Bí wọ́n ṣe gbà mí síṣẹ́ nìyẹn. Owó tí mo ń gbà kò tó ohun à ń sọ.

Bàbá Àlàbí kì í rẹ́rìn-ín lẹ́nu iṣẹ́. Ọkùnrin kúkúrú ni, ẹ̀yìn rẹ̀ ti tẹ̀, etí rẹ̀ kan sì ti di nítorí òkúta tó já lù ú nígbà èwe rẹ̀. Mo rò pé kíá ni màá ti máa fi dígà gbẹ́ ilẹ̀. Okùn ni Bàbá gbé fún mi, ó ní kí n máa ká a. Mo ká a, ó tú u. Mo tún un ká, ó tún un tú. Ó ní, "Ibi tó bá ti lọ́ pọ̀ yẹn, ibẹ̀ ni yóò ti pa ọmọ ọlọ́mọ." Ó pẹ́ kó tó jẹ́ kí n fa garawa iyẹ̀pẹ̀ kan ṣoṣo. Nígbà tí mo wá ń fà á, bí mo bá ya ẹnu sọ̀rọ̀ pẹ́nrẹ́n, ẹ̀yìn ọrùn mi ni Bàbá á ti dá mi lóhùn.

Òfin rẹ̀ kò pọ̀. A kì í wọ kànga láì so okùn mọ́ ìbàdí. A kì í bá ẹni tó di okùn mú tàkúrọ̀sọ. Bí ẹni ìsàlẹ̀ bá fa okùn lẹ́ẹ̀mejì, ẹni òkè kò gbọdọ̀ bèèrè ìdí, kó ṣá ti máa fà á bọ̀. Àtùpà ló sì máa ń kọ́kọ́ wọ kànga, èèyàn ló ń tẹ̀ lé e. A ó tan àtùpà, a ó so ó mọ́ okùn, a ó sọ̀ ọ́ kalẹ̀ díẹ̀díẹ̀ títí dé ìsàlẹ̀. Bí iná rẹ̀ bá ń jó, afẹ́fẹ́ wà níbẹ̀. Bó bá kú, ká lọ jókòó sábẹ́ igi, ká máa mu gààrí tiwa, kànga yẹn ò tíì fẹ́ àlejò.

Ní tèmi, ilẹ̀ gan-an ni mo fẹ́ràn. Bàbá kọ́ wa bí a ṣe ń bu iyẹ̀pẹ̀ sí àtẹ́lẹwọ́, ká fọ́ ọ, ká gbóòórùn rẹ̀. Ilẹ̀ pupa ló máa ń kọ́kọ́ wá, á le débi pé dígà á máa ta padà. Lẹ́yìn rẹ̀ ni amọ̀ tó rí bí eérú, lẹ́yìn ìyẹn ni yanrìn funfun tó tutù, tó ń run bí ìkòkò omi tuntun. Bí mo bá ti gbóòórùn yẹn, mo mọ̀ pé omi ò jìnnà mọ́. Kò pẹ́ tí Bàbá fi bẹ̀rẹ̀ sí í pè mí bí wọ́n bá gbé iyẹ̀pẹ̀ jáde: "Làmídì, kí ló sọ?" Bí ẹni fún mi ní ẹran àyà ló máa ń rí lára mi.

Ọmọ iṣẹ́ kan ti ṣáájú mi dé ọ̀dọ̀ Bàbá. Sùlèmọ́nù ni orúkọ rẹ̀, Súlè la ń pè é. Bí ọ̀sẹ̀ kan péré ló fi ṣáájú mi, mo sì fura pé mo jù ú lọ lọ́jọ́ orí. Ṣùgbọ́n ẹ mọ bí iṣẹ́ ọwọ́ ṣe rí lọ́dọ̀ wa: ẹni tó bá kọ́kọ́ wọ ilé ọ̀gá ni ẹ̀gbọ́n, ì báà ṣe pé àná ni wọ́n já a lẹ́nu ọmú. Láti ọjọ́ àkọ́kọ́ ni mo ti ń fi "ẹ" bá Súlè sọ̀rọ̀, tí òun ń fi "o" bá mi sọ.

Súlè ò mọ ilẹ̀ rárá. Bó bá ní omi wà níbi kan, ẹ tètè lọ gbẹ́ ibòmíì. Bó bá ń gbẹ́ kànga, kànga náà á máa yà sápá kan bí ẹni tó ń wá ọ̀nà ilé. Ọ̀kan wà tó gbẹ́ ní Ìjẹ̀gún, garawa ò lè lọ kó bọ̀ kó má ha ara ògiri. Obìnrin tó ni ilé náà ra garawa títí ó fi sú u. Ó tún wá ń bẹ̀rù ìsàlẹ̀. Bí ilẹ̀ bá ti bò ó dé ọrùn, á ti máa pe Ọlọ́run. Nítorí náà òkè ló sábà máa ń wà, èmi ni mò ń wọlẹ̀.

Nígbà tó yá, àyà bẹ̀rẹ̀ sí í dun Bàbá Àlàbí, eruku inú ilẹ̀ ti pọ̀ jù níbẹ̀. Àwọn ọmọ rẹ̀ wá láti Ògbómọ̀ṣọ́ láti mú un lọ sílé. Lọ́jọ́ tó ń lọ, ó kó wa jọ síwájú yàrá rẹ̀, ó ṣàdúrà fún wa, ó gbé okùn ńlá, ojúlówó okùn iṣẹ́ wa. Mo ti gbé ọwọ́ mi sókè díẹ̀. Ó gbé e lé Súlè lọ́wọ́.

"Súlè, ìwọ ni ọ̀gá. Làmídì, máa tẹ̀ lé e."

Mo dọ̀bálẹ̀, mo ní ẹ ṣeun, Bàbá, ẹ̀mí yín á gùn. Mo dé ilé, mo sọ fún Sífáwù ìyàwó mi pé mo ń lọ, mi ò lè máa sin ẹni tí kò mọ yanrìn yàtọ̀ sí amọ̀.

Sífáwù ń ro ọkà lọ́wọ́, kò tiẹ̀ wò mí. "Ẹ ń lọ síbo? Orí bíbẹ́ kọ́ loògùn orí fífọ́ o. Súlè ò mọ iṣẹ́, ó dáa. Ṣé ó ti jẹ́ kí ẹ já bọ́ rí?"

"Rárá."

"Ṣé ó ti fi yín sílẹ̀ nísàlẹ̀, kó wá lọ jẹun rí?"

"Rárá."

"Ẹ fọ ọwọ́ yín jàre."

Mo dúró. Ṣùgbọ́n báwo ni èèyàn ṣe ń bá ọ̀gá tí kò mọ̀ ṣiṣẹ́, tí ẹ̀mí ẹni sì wà nínú ọ̀rọ̀ náà? Bó bá yan ibi tí kò dáa, èmi kọ́ ni màá wà nísàlẹ̀ nígbà tí ògiri bá wó? Bí mo bá sì já a nírọ́ lójú oníbàárà, á wú bí àkàrà inú epo, á fi agídí ṣe ohun tó ti sọ. Ọ̀nà kan ò wọjà. Mo rí ọ̀nà tèmi ní Ẹ̀gbẹ́dá, nílé nọ́ọ̀sì kan.

Súlè rìn yíká inú ọgbà, ó dúró lẹ́yìn ilé ìdáná, ó fẹsẹ̀ tẹ ilẹ̀ mọ́lẹ̀. "Ibí lomi wà, Mọ̀mí." Mo wo ibẹ̀, ṣaláńgá ilé kejì ò jìnnà ju ibi tí èèyàn lè tutọ́ dé lọ. Ọ̀rọ̀ kàn ṣàdédé jáde lẹ́nu mi ni:

"Ọ̀gá, ṣé ẹ rántí ohun tí ẹ sọ lánàá pé ká máa sá fún ṣaláńgá? Mo rò pé ẹ̀gbẹ́ igi ọsàn yẹn lẹ máa ní ká gbẹ́ ẹ sí."

Súlè wò mí. Ó wò mí pẹ́ díẹ̀. Ó ní, "Ohun tí mo fẹ́ sọ náà nìyẹn. Ẹ̀gbẹ́ igi ọsàn."

Nọ́ọ̀sì náà pàtẹ́wọ́. "Ẹ ò rí ọ̀gá gidi!" Inú kànga ni mo ti rín ẹ̀rín náà tán lọ́jọ́ yẹn.

Láti ìgbà náà, "bí ẹ ṣe sọ lánàá" di ohun èlò iṣẹ́ mi, mo lò ó ju dígà lọ. Bí ẹ ṣe sọ lánàá, Ọ̀gá, pé ká jẹ́ kí òjò dá ná. Bí ẹ ṣe sọ lánàá pé ká ti ríìngì sìmẹ́ńtì bọ̀ ọ́ kí yanrìn tó ya. Àná ọkùnrin yìí gbòòrò ju ọjà Ìkòtún lọ. Ohun tí a bá fi ẹ̀sọ̀ mú kì í bàjẹ́, ìyẹn náà ni mò ń sọ fún ara mi. Kì í ṣe pé kò dùn mí o. Ó dùn mí dé egungun. Wọ́n á máa kí Ọ̀gá Súlè, wọ́n á ní ó mọ omi í wá, èmi á wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ kan tí amọ̀ ti bò dé ìpéǹpéjú. Bí mo bá délé lọ́jọ́ bẹ́ẹ̀, Sífáwù á kàn gbé omi ìwẹ̀ fún mi, kò ní bi mí ní nǹkan kan.

Síbẹ̀, bí mo bá rántí àwọn ọdún yẹn báyìí, ó máa ń wù mí kí wọ́n padà wá. A ó gbé dígà àti ṣọ́bìrì kọ́ èjìká láàárọ̀ kùtù, a ó gba inú oko ẹ̀gẹ́ kọjá lọ sí Ìgándò, ìrì á máa rin wá lẹ́sẹ̀. Ní gbogbo ìgbà la máa ń rí ilé tuntun tí kò sí níbẹ̀ lóṣù tó kọjá. Bí mo bá kan omi, màá pariwo láti ìsàlẹ̀: "Omi o!" Ariwo á sọ lókè. Ìyá ilé á sáré jáde, á ki ọwọ́ bọ garawa àkọ́kọ́ tó rí bí ẹ̀kọ, á fi pa àwọn ọmọ rẹ̀ lórí, á máa súre fún wa. Kò sí iṣẹ́ míì tí mo mọ̀ tí èèyàn ti ń rí ayọ̀ lójú ẹni tó gbé e fún un tó bẹ́ẹ̀.

Àwọn obìnrin wọ̀nyẹn máa ń gbọ́únjẹ fún wa. Wọ́n á gbé ti Súlè kalẹ̀ sẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀ létí kànga, wọ́n á ní, "Ọ̀gá, ẹ jẹun kó má tutù." Á mi orí. Kò ní wo oúnjẹ, kò ní wo obìnrin, okùn ló ń wò. Oúnjẹ á tutù, eṣinṣin á bò ó, títí màá fi jáde. Mo máa ń rò ó nígbà náà pé kò gbọ́n tó láti ṣe nǹkan méjì pọ̀ ni.

Iṣẹ́ wa bẹ̀rẹ̀ sí í yí padà nígbà tí àwọn ọdún 1990 wọlé. Tẹ́lẹ̀, bí omi bá jáde, a ó máa fi garawa gbọ́n ọn kí n lè gbẹ́ sísàlẹ̀ sí i, omi náà á sì máa sun bá wa. Ẹ̀rọ tó ń fa omi wá dé, èyí tó ń mu bẹntiróòlù. Ó dára, àmọ́ kò lágbára láti fa omi tó bá jìn jù láti òkè. Ohun tí àwọn agbẹ́kànga wá ń ṣe ni pé wọ́n á gbé pákó dábùú àárín kànga, wọ́n á sọ ẹ̀rọ náà kalẹ̀ sórí rẹ̀, kó máa ṣiṣẹ́ nínú kànga níbẹ̀. Gbogbo wa là ń ṣe é. Kò sí ẹni tó rò ó pé inú kànga náà ni èéfín rẹ̀ ń dúró sí. Bàbá Àlàbí ì bá wà, bóyá ì bá rò ó.

Ní Ìgándò lọ́rọ̀ ti ṣẹlẹ̀, nílé ọkùnrin kan tí a ń pè ní Bàbá Fúnkẹ́, òṣìṣẹ́ báǹkì. Fúnra rẹ̀ ló ra ẹ̀rọ náà, ó sì fẹ́ràn rẹ̀ bí ọmọ. A sọ ọ́ kalẹ̀, a tan án, ó fa omi títí ìsàlẹ̀ fi gbẹ, a sì pa á. Ó wá kù kí n wọlẹ̀ lọ gbẹ́ ẹ jìn sí i. Àwọn bíríkìlà rẹ̀ ti po yanrìn mọ́ sìmẹ́ńtì sílẹ̀, omi tó pọ̀ tó ni wọ́n ń dúró dè. Mo nà sí etí kànga láti wò ó, òórùn tó kọ lu imú mi kì í ṣe ti ilẹ̀.

Mo ní, "Ọ̀gá, bí ẹ ṣe sọ lánàá, ká kọ́kọ́ sọ àtùpà kalẹ̀."

Súlè ti ń na ọwọ́ sí àtùpà. Bàbá Fúnkẹ́ bú sẹ́rìn-ín. "Àtùpà kẹ̀? Táìmù ti lọ o! Àwọn agbẹ́kànga tó wá sí àdúgbò Kọ̀máǹdì láìpẹ́ yìí, wọn ò lo àtùpà kankan. Ṣé iṣẹ́ yìí dá yín lójú ṣá?"

Ọwọ́ Súlè dúró. Mo rí i tí ojú rẹ̀ yí padà. Ó ní, "Làmídì, bẹntiróòlù wà nísàlẹ̀ níbẹ̀, o fẹ́ sọ iná sí i? Wọlẹ̀ jàre."

Ọ̀rọ̀ náà jọ ọgbọ́n. Ṣùgbọ́n ẹni tí a fẹ́ sun jẹ kì í fepo para, kó lọ jókòó sídìí iná. Fún ìgbà àkọ́kọ́ láti ọjọ́ tí Bàbá Àlàbí ti gbé okùn fún un, mo sọ̀rọ̀ gbangba lójú oníbàárà.

"Ọ̀gá, mi ò wọ̀ ọ́. Ẹ jẹ́ kó di ọ̀la."

"O ò wọ kí ni?"

"Mi ò wọ̀ ọ́."

Bàbá Fúnkẹ́ ń wo Súlè, àwọn bíríkìlà ń wo Súlè. Ọkùnrin tí kò wọ kànga mọ́ láti ìgbà tí ó ti di ọ̀gá bọ́ ẹ̀wù rẹ̀. "Èmi á wọ̀ ọ́." Mo bẹ̀ ẹ́, ó gbá ọwọ́ mi dànù. Mo ní ó kéré tán kó jẹ́ kí n so okùn mọ́ ọn. Ó ń rọ́ mi sẹ́yìn, mo ń so ó, bí ẹni ń ja ìjà la ṣe so okùn yẹn. Ó ki ẹsẹ̀ bọ ihò ara ògiri, ó ń lọ.

Òkè ni mo wá wà. Mi ò dúró níbẹ̀ rí nígbà tí Súlè wà nísàlẹ̀, mi ò mọ̀ pé báyìí ló ṣe ń rí: gbogbo ara èèyàn á lọ sínú àtẹ́lẹwọ́. Mo ń gbọ́ ìmí rẹ̀. Ó kọjá ibi pákó tí ẹ̀rọ wà. Mo gbọ́ tó ní, "Làmídì, ó gbóná níbí." Lẹ́yìn náà okùn náà fà, ó wúwo lọ́wọ́ mi lẹ́ẹ̀kan náà.

Mo pè é, kò dáhùn. Mo ń fà á, kò ṣeé fà fún ẹnì kan. Ọ̀kan nínú àwọn bíríkìlà ti ki ẹsẹ̀ bọ kànga láti lọ gbé e, mo kígbe mọ́ ọn pé bó bá wọ̀ ọ́ yóò kú, kó wá di okùn mú. Bàbá Fúnkẹ́ fúnra rẹ̀ wá dì í mú pẹ̀lú ṣẹ́ẹ̀tì iṣẹ́ báǹkì lọ́rùn. A fà á. Orí rẹ̀ jáde, ó fì sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan. A tẹ́ ẹ sábẹ́ igi, a ń fẹ́ ẹ, mò ń pe orúkọ rẹ̀, mo gbàgbé "ẹ", mo ń pariwo pé, "Súlè! Súlè! Má ṣe bẹ́ẹ̀ sí mi!" Nígbà tó pẹ́ díẹ̀ ni àyà rẹ̀ gbé sókè, ó bì, ó sì ya ojú. Wọ́n gbé e lọ sí ọsibítù ní Ìkòtún.

Nígbà tí ara Súlè ń yá díẹ̀díẹ̀, Bàbá Fúnkẹ́ wá bá mi nílé. Ó ní òun fẹ́ kí n wá parí kànga náà. "Ìwọ ṣá o. Mi ò fẹ́ rí ọ̀gá yẹn mọ́. Ìwọ lo mọṣẹ́, gbogbo wa ti rí i." Ọ̀rọ̀ ti tàn ká, àwọn mìíràn náà ti ń pè mí. Ohun tí mo ti ń fẹ́ láti ọjọ́ tí Bàbá Àlàbí ti lọ wá dé ẹnu ọ̀nà mi, mi ò tiẹ̀ wá a lọ. Èmi ò lè purọ́: inú mi dùn. Mo wá lọ sí Ẹ̀gbẹ́dá, sí yàrá tí Súlè ń gbé, láti lọ sọ fún un.

Ìyá Kúdí ìyàwó rẹ̀ gbé àpótí fún mi, ó sì jáde fún wa. Súlè jókòó sórí bẹ́ẹ̀dì, ó ti rù.

"O wá gba okùn ni?"

"Rárá o, Ọ̀gá. Mo wá kí yín ni."

"Irọ́ lò ń pa." Ó rẹ́rìn-ín, ikọ́ sì gbà á. Nígbà tó rọlẹ̀, ó ní, "Làmídì, ṣé o rò pé mi ò mọ̀ pé mi ò sọ nǹkan kan lánàá ni?"

Mi ò mọ ibi tí màá kọjú sí.

"Láti ilé nọ́ọ̀sì yẹn ni mo ti mọ̀."

"Kí ló dé tí ẹ ò sọ?"

"Kí n sọ kí ni? Omi kúkú ń jáde."

Ó wá sọ ohun tí mi ò gbọ́ rí fún mi. Ó ní kí Bàbá Àlàbí tó kó wa jọ lọ́jọ́ yẹn, ó ti pe òun wọ yàrá. "Bàbá ní, 'Súlè, o ò mọ ilẹ̀. Làmídì ló mọ ilẹ̀. Ṣùgbọ́n bí Làmídì bá wà lókè, iyẹ̀pẹ̀ tó bá jáde nínú garawa ni yóò máa fi simú, kò ní wo okùn. Ìwọ ojo ni ọ́, ẹ̀rù ò ní jẹ́ kí o gbójú kúrò lára rẹ̀. Ẹni tó mọ ilẹ̀ ni kó máa wọlẹ̀.' Ó ní kí n má sọ fún ẹ, ó ní orí ẹ á wú." Ó nu ojú rẹ̀. "Bẹ́ẹ̀ ni mo ṣe ń bẹ̀rù fún ẹ láti ọjọ́ yìí wá. Ọjọ́ kan tí mo gbàgbé ẹ̀rù mi, nítorí pé ọkùnrin yẹn ń wò mí, ìwọ ni mo kọ́kọ́ ní kó wọ̀ ọ́."

Inú ń bí mi sí Bàbá Àlàbí, ojú sì ń tì mí, gbogbo rẹ̀ pọ̀ mọ́ra. Ẹ̀rí ọ̀rọ̀ náà ń bọ̀ wá sọ́kàn mi lọ́kọ̀ọ̀kan, gbogbo àwo oúnjẹ tó tutù yẹn. A kì í mọ̀ ọ́n gún, mọ̀ ọ́n tẹ̀, kí iyán ewùrà má lẹ́mọ: mo mọ ilẹ̀ dáadáa, mi ò mọ ẹni tó ń ṣọ́ mi.

Mo padà lọ bá Bàbá Fúnkẹ́. Mo ní màá parí kànga rẹ̀, àmọ́ ọ̀gá mi ni yóò di okùn mú. Ó ní láéláé. Mo ní kó wá ẹlòmíì nìyẹn, mo ti ń lọ. Ó pè mí padà kí n tó dé títì. A gbé àga fún Súlè sí etí kànga, ẹsẹ̀ rẹ̀ ò tíì lágbára, bíríkìlà méjì ló ń bá a fà, ọwọ́ tirẹ̀ ló wà níwájú. A sọ àtùpà kalẹ̀, ó jó dáadáa. Mo wọlẹ̀. Láti ọjọ́ náà, bó bá kan ọ̀rọ̀ ilẹ̀, Súlè á sọ lójú oníbàárà pé, "Ẹ jẹ́ kí n bi Làmídì," èmi náà ò sì sọ̀rọ̀ àná mọ́.

Mi ò sọ pé kí ẹ máa sin gbogbo ọ̀gá tí kò mọ̀ o. Àwọn kan wà tí wọn ò mọ ilẹ̀, tí wọn ò sì di okùn mú. Ẹ tètè kúrò lábẹ́ irú wọn. Àmọ́ kí ẹ tó kó ẹrù, ẹ kọ́kọ́ wò ó dáadáa bóyá nǹkan kan wà tó ń ṣe fún yín tí ẹ ò lè rí láti ibi tí ẹ wà.

Àwọn tó ń fi ẹ̀rọ gbẹ́ omi wá dé, wọ́n gba iṣẹ́ lọ́wọ́ wa, ara wa náà sì ti ń sọ pé ó tó. Súlè lo ọjọ́ ogbó rẹ̀ ní Ẹ̀gbẹ́dá, mo máa ń lọ jókòó tì í. Nígbà tó kú, a kirun sí i lára, a gbé e dé etí sàréè. Àwọn kan gbọ́dọ̀ wọlẹ̀ láti gba òkú nísàlẹ̀, àwọn ọ̀dọ́ ti ń bọ́ bàtà. Kúdírá ọmọ rẹ̀ obìnrin ti sọ ohun tó fẹ́ fún àbúrò rẹ̀ ọkùnrin nílé, ìyẹn sì wá bá mi, ó ní, "Bàbá Làmídì, bí ẹ bá lè ṣe é, ẹ̀yin ni kí ẹ gba bàbá wa."

Mo wọlẹ̀ pẹ̀lú eékún tó ń dùn mí. Ilẹ̀ pupa ni, ó gbẹ, ó mọ́. Wọ́n sọ ọ̀gá mi kalẹ̀, mo fi apá méjèèjì gbà á, ó fúyẹ́. Mo tẹ́ ẹ, mo kọ ojú rẹ̀ sí gábàsì. Nígbà tí mo parí, mo gbójú sókè bí mo ṣe máa ń ṣe, ọmọ rẹ̀ ló na ọwọ́ sí mi. Ó ní, "Bàbá, ẹ máa bọ̀." Mo bú sẹ́kún níbẹ̀, ó sì pẹ́ kí wọ́n tó lè fà mí jáde.